Ẹkùn Tó Fi Ọwọ́ Òsì Mú Kọ́kọ́rọ́

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Sẹ̀tẹ́ńbà, 1976

Bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni kóo máa kọ ọ́, Mùínàt. Má bá mi tún un ṣe. Bàbá ẹ ló ní kí èmi máa sọ, kí ìwọ máa kọ, títí họ́lídè yín á fi parí, torí Yorùbá ẹnu ẹ ti di Ìgbò tán. Láàárọ̀ yìí o kí mi lóòró gangan bí òpó iná. Ọmọ Ìsẹ́yìn! Kọ ìyẹn náà síbẹ̀, kóo má rẹ́rìn-ín.

Òjò rọ̀ láti ìdájí. Àlùbọ́sà ní ọjà Ochanja ti di ohun tí wọ́n ń fi owó ńlá rà. Mo bi obìnrin tó ń tà á pé ṣé góòlù wà nínú ẹ̀ ni, ó ní kí n bi àwọn tó ń wa epo. Oníyẹ̀yẹ́. Mo rà á, torí ààwẹ̀ láìsí àkàrà, ìyà ni.

Jímọ̀, bàbá ẹ, ti ibi iṣẹ́ dé tẹ̀ríntẹ̀rín. Madam Nwakaego, ìyá tó ń ta aṣọ ní ìdì-ìdì nínú Main Market, ti gbé iṣẹ́ ńlá wá fún ilé-iṣẹ́ aṣọ tí bàbá ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Aṣọ olórí ẹkùn táwọn olóyè Ìgbò ń wọ̀ ni, àmọ́ ó fẹ́ kí tiẹ̀ yàtọ̀. Ó ní kí wọ́n na ọwọ́ kan fún ẹkùn náà, kí ọwọ́ yẹn mú kọ́kọ́rọ́, torí pé gbogbo ayé ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù padà lẹ́yìn ogun. Obìnrin yẹn lọ́pọlọ. Àwọn tó kù, ẹ jẹ́ kí n dákẹ́.

Páálí oníhò ni wọ́n fi ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀, Jímọ̀ ló sì ń lu ihò náà. Ibi tí ihò bá wà, òwú á gbéra. Ibi tí ò bá sí ihò, òwú á jókòó. Wọ́n á wá rán páálí náà mọ́ra lọ gbọọrọ bí àkàsọ̀, ẹ̀rọ á máa kà á bí Mùínàt ṣe ń kàwé, àfi pé ẹ̀rọ kì í ṣì í kà tó Mùínàt.

Bí wọ́n bá fẹ́ yí nǹkan padà lára aṣọ, wọn kì í déédé rán páálí tuntun mọ́ èyí tó ti wà. Ẹ̀rọ kékeré kan wà ní kọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ hun díẹ̀ nínú ẹ̀, díẹ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní sáńpù. Iná méjì ló wà lórí ẹ̀. Bó bá hun ún tán láìkọsẹ̀, iná gíríìnì á tàn. Bí òwú bá já tàbí tí páálí há, iná pupa. Ọ̀gbẹ́ni kan wà tó ń jẹ́ Ògúndáre, ó kàwé títí dé Kàdúná, òun ló ń wo iná yẹn. Bó bá rí gíríìnì, á ní kí wọ́n rán an mọ́ ọn. Iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn o. Géńdé ọkùnrin, ó jí, ó wẹ̀, ó so táì, ó lọ wo iná.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Sẹ̀tẹ́ńbà

Òjò. Odò Nkisi ti kún dé ẹ̀yìn ilé àwọn ará ìsàlẹ̀. Ògúndáre gun alùpùpù kọjá níwájú kọ́tà wa, ilé tí ilé-iṣẹ́ fún Jímọ̀, ó sì ta ẹrẹ̀ sí aṣọ tí mo sá. Kò wẹ̀yìn. Ẹni tí kì í wo iwájú, ẹ̀yìn ló máa wò?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo gbé ìṣínu lọ fún Jímọ̀ níbi iṣẹ́. Àyúbà tó ń ṣọ́ géètì, ọmọ Ìlọrin ni, ó ní, “Ìyá, wọn kì í gbé oúnjẹ wọlé o. Bí ọ̀gá bá rí abọ́ yìí ńkọ́?” Mo fún un ní àkàrà mẹ́ta. Kò rí abọ́ mọ́.

Ariwo inú ibẹ̀, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo bá Ògúndáre lórí àga, ó ká ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré yẹn ń hun, ó hun, ó dákẹ́. Gíríìnì tàn.

“Ó ti yege,” ni Ògúndáre wí. “Ẹ lọ rán an mọ́ ọn.”

Kò dìde o. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́.”

“Ẹ ṣé, Màmá.”

“Aṣọ náà ńkọ́?”

“Aṣọ wo?”

“Èyí tí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ hun. Ẹ ò ní wò ó ni?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ tọ́ka. “Màmá, iná ti tàn. Machine no dey lie.”

“Lóòótọ́, kò purọ́. Kí lẹ bi í?”

“Ẹn?”

“Ẹ bi í pé ṣé òwú já. Ó ní òwú ò já. Ta ló bi í pé ṣé aṣọ dáa?”

Ó wo Jímọ̀. “Jímọ̀, mú ìyá ẹ lọọlé. Ààwẹ̀ ti ń kọ lù wọ́n.”

Táì ọrùn ẹ̀ gùn ju ibi tí ojú ẹ̀ ríran dé lọ. Mo rẹ́rìn-ín délé. Mùínàt ní kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní Kàdúná ni.

Ọjọ́bọ̀, 9 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀! Ògúndáre ti ní kí wọ́n rán páálí kọ́kọ́rọ́ mọ́ tàwọn ẹ̀rọ ńlá, iná ti tàn, ó ti lọ mu tíì. Jímọ̀ bá lọ fa sáńpù yẹn yọ lórí ẹ̀rọ, ó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ò léyín! Igi gbọọrọ kan báyìí, bí omorogùn. Ẹkùn mú omorogùn dání, ó fẹ́ lọ rokà.

Jímọ̀ ní wọn ò gbọdọ̀ rán an. Ògúndáre ní iná ti sọ̀rọ̀. Ariwo sọ. Ọ̀gá wọn, ará Íńdíà tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́ yẹn, jáde, ó gbé aṣọ náà sójú, ó wo Ògúndáre, kò tiẹ̀ bú u. Ó kàn ń mi orí. Jímọ̀ ní ó sàn kéèyàn jẹ ìgbátí.

Ohun tí ọ̀gá sọ ni pé láti òní lọ, páálí tuntun kankan ò ní bá tàtijọ́ pàdé àfi bí Jímọ̀ bá ti fi ojú ara ẹ̀ wo aṣọ, tó sì fọwọ́ sí i. Bí ìdọ̀tí bá wá gba abẹ́ ojú Jímọ̀ kọjá, kí Jímọ̀ kó ẹrù ẹ̀ jáde ní kọ́tà. Iṣẹ́ lọ, ilé lọ.

Súlìyát, ìyàwó ẹ̀, jókòó, ó fọwọ́ lérán. Mo ní kí ló ń bà ọ́ nínú jẹ́, ṣé ojú ń dun ọkọ ẹ ni? Ọmọ tí mo bí sẹ́bàá òfì! Bàbá mi hun aṣọ tí ọba fi gúnwà. Àwa la máa wo aṣọ tí aṣọ á fi ojú tì wá? Mo fi ẹran kún ọbẹ̀ alẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Sẹ̀tẹ́ńbà

Madam Nwakaego wá kí wa fúnra ẹ̀, ó ra bisikíìtì fún Mùínàt.

“Mama Jimọ, kedu?”

Mo ní, “Ọ dị mma, nne. Nnọọ.” Ibi tí Ìgbò mi mọ nìyẹn, Mùínàt ló túmọ̀ ìyókù.

Ọwọ́ ẹkùn ló bá wá. Ó ní ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹkùn fi mú kọ́kọ́rọ́ o, “aka nri.” Ó wá fi ọwọ́ òsì gbé bisikíìtì sí mi, mo sún sẹ́yìn kí n tó mọ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Aka ekpe, mba!” Olóyè wo ló máa fowó ra aṣọ tí ẹkùn ń fi òsì na nǹkan sí i? Wọ́n á ju gbogbo ẹ̀ lù ú lọ́jà. Mo ní bákan náà ni nílé wa, ọmọ tó bá fi òsì fúnni ní nǹkan, ìyá ẹ̀ là á bú. A wá jọ fi àwọn òyìnbó ṣẹ̀sín títí oòrùn fi wọ̀, àwọn tó ń fi òsì gba owó, tí wọ́n tún ń ní kí ẹ ṣeun.

Ọjọ́ Ajé, 13 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ibà kọ lu Jímọ̀. Ó ṣì fi gbígbọ̀n lọ lu páálí tán lánàá, ó dé, ó ṣubú lé ẹní. Mo ní kó tu ààwẹ̀, Ọlọ́run ò bínú sí aláìsàn. Ó ní rárá. Orí kunkun bàbá ẹ̀ gan-an ni. Mo gbé ògì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, mo bú u, mo tún fi omi tútù pa á lórí.

Ọjọ́rú, 15 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àyúbà gbé sáńpù wá sílé. Òwú dúdú àti funfun ni wọ́n fi ń hun sáńpù, kí wọ́n má baà fi òwú gidi ṣòfò. Wọ́n fi pín-ìn-nì kàn án mọ́ páálí nígun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó dúró gbagidi.

“Ògúndáre ní kí n sọ fún yín,” ni Àyúbà wí, “pé iná ti tàn láti àárọ̀, aláìsàn nìkan là ń dúró dè. Madam ti ránṣẹ́.”

Jímọ̀ gbìyànjú, ó gbé e sójú. Ojú ẹ̀ pọ́n bí ata, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, aṣọ ń jó. Ó ní, “Màámi, ẹ bá mi wò ó. Ọwọ́ wo ló fi mú kọ́kọ́rọ́?”

Mo gbé e bọ́ sí àgbàlá, sínú oòrùn. Mo ní kí Mùínàt bu omi sí mi lọ́wọ́ kí n má baà dọ̀tí ẹ̀. Mo wo etí ẹkùn, etí pé. Mo wo irun imú. Mo wo kọ́kọ́rọ́, eyín wà lẹ́nu ẹ̀. Mo fi èékánná họ òwú, kò tú. Mo wá na ọwọ́ ọ̀tún ara mi, mo ṣe bí ẹkùn, Mùínàt dúró níwájú mi, ó wo èmi, ó wo ẹkùn. Ọ̀tún ni. Ọ̀tún gidi.

Mo pariwo láti àgbàlá, “Jímọ̀, fọwọ́ sí i! Ọ̀tún ni! Sọ fún Ògúndáre kó lọ fi iná ẹ̀ yan àgbàdo!”

Àyúbà rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó. Jímọ̀ fọwọ́ sí i.

Ọjọ́bọ̀, 16 Sẹ̀tẹ́ńbà

Ara Jímọ̀ ti balẹ̀. Wọ́n ti rán páálí mọ́ra, gbogbo ẹ̀rọ ńlá ti ń hun. Mo sùn bí ọmọ tuntun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mi ò fẹ́ sọ ti òní. Mùínàt ní bàbá òun ní ojoojúmọ́. Ó dáa.

Mo gbé oúnjẹ lọ. Wọ́n ti ń ká aṣọ lórí tábìlì gígùn, dúdú tó ń dán, ẹkùn aláwọ̀ góòlù lórí ẹ̀. Ó rẹwà. Mo ní kí n wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ mi. Ẹkùn àkọ́kọ́, òsì ló fi mú kọ́kọ́rọ́. Mo ní bóyá ọ̀kan ló ṣìwà hù. Èkejì, òsì. Mo tẹ̀ lé wọn láti ìdí tábìlì dé ìdí tábìlì, gbogbo wọn, òsì, òsì, bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé.

Mo ká etí aṣọ náà sókè. Lábẹ́, ọ̀tún.

Ẹ̀rọ yẹn, ìdojúbolẹ̀ ló ń hun aṣọ. Iwájú aṣọ ló wà nísàlẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló wà lókè. Ẹ̀yìn yẹn ni wọ́n kàn mọ́ páálí wá bá mi nílé, òun ni mo gbé sínú oòrùn. Jímọ̀ mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe, àwọn tó ń bá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ mọ̀, èmi ni mi ò mọ̀. Ibà ló lu páálí yẹn sódì, wọ́n sì gbé e wá kí ojú tó dá lè rí i. Ojú mi dá o! Ṣùgbọ́n ní Ìsẹ́yìn, aṣọ ò lẹ́yìn. Aṣọ òfì, ibi tóo bá yí síta niwájú ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti dáyé, mi ò yí aṣọ wò rí. Ta ló ń yí omi wò?

Ògúndáre dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo ẹ̀ lẹ́nu Àyúbà. Ó ní, “Màmá, èmi wo iná. Jímọ̀ wo ìyá ẹ̀. Ta ló wo aṣọ?”

Kọ ọ́ síbẹ̀, Mùínàt. Ọ̀rọ̀ gidi kan ṣoṣo tó tíì jáde lẹ́nu ọkùnrin yẹn láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, orí mi ló wá sọ ọ́ lé.

Ọjọ́ Ajé, 20 Sẹ̀tẹ́ńbà

Àyúbà ló wá sọ fún mi pé ọ̀gá pe gbogbo wọn jọ, ó bèèrè ẹni tó fọwọ́ sí i. Jímọ̀ ní òun ni. Ọ̀gá ní, “You look am?” Jímọ̀ ní, “Yes, sir.” Kò dárúkọ mi.

Ẹ̀jẹ̀ mi gbóná. Mo so gèlè, mo lọ bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì ẹ̀, Jímọ̀ ṣì wà níwájú ẹ̀, mo fa Àyúbà dání kó máa túmọ̀. Mo ní kì í ṣe Jímọ̀ o, èmi ni mo wò ó, ibà ń ṣe ọmọ mi, èmi ni kó bá wí.

Ará Íńdíà náà gbọ́ tán, ó bi mí jẹ́jẹ́ pé, “Mama, you dey work for here?”

Mo ní rárá.

Ó yíjú sí Jímọ̀, kò yí i padà mọ́. “So you no look am at all.”

Mo ti rò pé omi ni mo gbé lọ síbi iná, kẹrosíìnì ni.

Ohun tó wá sọ nìyí: kí wọ́n tú páálí burúkú yẹn kúrò, kí Jímọ̀ lu òmíràn, kí Ògúndáre àti Jímọ̀ jọ fojú wo aṣọ, kí aṣọ Madam Nwakaego wà nílẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Bí Madam bá gbà á, kí Jímọ̀ máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ. Bí kò bá gbà á, kó má wulẹ̀ wá lọ́jọ́ Ajé, ẹlòmíì ló ń bọ̀ nínú kọ́tà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn náà ni Ìtúnu.

Ọjọ́rú, 22 Sẹ̀tẹ́ńbà

Jímọ̀ ò bá mi jà. Ọmọ mi kì í bá mi jà. Ó dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀, “Ẹ káàárọ̀, Màámi,” ó jáde lọ. Àmọ́ ibi iṣẹ́ ló ti ń ṣínu báyìí, búrẹ́dì àti tíì Àyúbà ló ń jẹ. Súlìyát ní iṣẹ́ ló pọ̀. Súlìyát mọ irọ́ pa, Ọlọ́run máa bù kún un. Ó ti ń fi àwo inú ilé sínú páálí díẹ̀díẹ̀, ó ní òun ń nu eruku.

Mo gbé àkàrà lọ lọ́jọ́ méjèèjì, mo gbé e bọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23 Sẹ̀tẹ́ńbà

Mo yọjú láti ẹnu ọ̀nà, mi ò wọlé. Iná tàn ní gíríìnì, Ògúndáre sì sá fún un bí ẹni rí ejò. Ó fa sáńpù yọ, ó yí i, ó tún yí i, ó gbé e sójú fèrèsé, ó yí i padà. Ẹni bá rí i á ní ó ń yan ẹja. Ó ti tú táì. Ó bi Jímọ̀ pé, “Ẹ̀gbẹ́ wo ni iwájú?” Gbogbo ọdún tó ti ń wo iná, kò mọ iwájú aṣọ! Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ò jáde dáadáa. Ta ni mo fẹ́ rín?

Jímọ̀ fi hàn án. Wọ́n jọ tẹríba lé aṣọ yẹn pẹ́ títí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 25 Sẹ̀tẹ́ńbà. Ìtúnu

A kírun ní Yídì. Ojú ọjọ́ mọ́, ìgbà àkọ́kọ́ láti bí oṣù kan. Jímọ̀ ò sí níbẹ̀. Ó ti wà nídìí ẹ̀rọ láti àná, aṣọ iṣẹ́ ló fi ṣọdún.

Mo di ìrẹsì àti ẹran, èmi àti Mùínàt gbọ̀nà ilé-iṣẹ́. Mo ní bó bá jẹ ẹ́, bí kò bá jẹ ẹ́, n ó gbé e dé ibẹ̀.

A bá ọkọ̀ Madam Nwakaego ní géètì, àwọn oníbárò ẹ̀ dúró tì í. Wọ́n ti gbé aṣọ jáde, ìdì lórí ìdì, wọ́n tú ọ̀kan sílẹ̀ lórí tábìlì. Ọ̀gá ará Íńdíà dúró, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ògúndáre ń làágùn. Jímọ̀ jókòó lórí àpò òwú, irùngbọ̀n ti hù sí i lágbọ̀n, kò wo ẹnikẹ́ni.

Madam rí mi, ojú ẹ̀ tàn. “Mama Jimọ! Ẹ kú ọdún o. Ẹ wá bá mi wò ó, ẹ̀yin lẹ mọ aṣọ. Ṣé ó dáa?”

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo rí ọwọ́ ẹkùn láti ibi tí mo wà, mo rí i. Ó ṣe mí bíi kí n pariwo ẹ̀. Mo ní, “Nne, má bi mí. Gbé e bọ́ sínú oòrùn, yí i síwá, yí i sẹ́yìn, fi ojú ẹ wò ó. Owó ẹ ni.”

Mùínàt túmọ̀ ẹ̀. Madam wò mí sùn-ùn, ó wọ́ aṣọ náà bọ́ síta. Ó yí i. Ó na ọwọ́ ara ẹ̀ sí ẹkùn náà bí ẹni fẹ́ gba nǹkan. Ó tún yí i. Ó pe ọ̀kan nínú àwọn oníbárò, ó ní kóun náà wò ó. Ó pẹ́ o. Mo ka gbogbo àdúà tí mo mọ̀, mo fi ti Ìsẹ́yìn kún un.

“Ọ dị mma,” ló wí, pé ó dáa. Ó ní kí wọ́n máa kó o sọ́kọ̀.

Ọ̀gá mi orí, ti òní ò jọ ti ìjọ́sí. Ògúndáre dì mọ́ Àyúbà, ó rántí ara ẹ̀, ó tún kọ́là ṣe. Èmi jókòó ti Jímọ̀ lórí àpò òwú, mo ṣí abọ́. Ó wo inú abọ́, ó mú ẹran kan.

“Màámi,” ló wí, “ṣé ó ti jinná?”

Mo ní, “Tọ́ ọ wò fúnra ẹ.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ìrẹsì fi dànù. Ó jẹ ẹ́ tán, ó jẹ ti Mùínàt mọ́ ọn.